Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ìdíje àròkọ: ‘dá a kọ’ yàtọ̀ sí ‘dà á kọ’

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ìdíje àròkọ Yorùbá fún àwọn ọmọ wa ní Àbújá,

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kúnlẹ̀ kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ní Sátidé tó kọjá, tí ẹ sì tún fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí WhatsApp kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ni mo ń fèsì sí. Orúkọ ọmọ 14 ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ fagi lé ìwé ìdáhùn gbogbo wọn, ẹ sì fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí iwájú orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ‘adako’. Nísàlẹ̀ ìwé náà, ẹ ní ẹni tí ó bá ṣe adako, olè ni, ó sì ti rú òfin orílẹ̀-èdè yìí. Ọmọ tí ó dàgbà jù nínú wọn kò ju ọmọ ọdún 12 lọ. Mẹ́jọ nínú wọn ni mo ń kọ́ ní Kubwa lọ́jọọjọ́ Sátidé, láìgba owó, láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ẹ dá ìwé ìdáhùn padà fún àwọn òbí, mo sì lọ gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá kà, láti Nyanya títí dé Gwagwalada. Ohun tí mo rí ni pé ohun márùn-ún tí kò jọra ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe. Èdè tí ẹ ń ṣe ìdíje lé lórí ní orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun márùn-ún náà, ẹ sì kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan. Méjì péré nínú ọmọ 14 ni ó jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bí mo ṣe rí i.

1. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ìbéèrè, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti kọ́kọ́ wọlé. Ìbéèrè kìn-ín-ní kà báyìí: ‘Ka itan isale yii, ki o si da a ko.’ Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kọ ọ́ sí òkè ìwé kan náà pé àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ni ìdíje yìí ń tẹ̀ lé. Ohun tí ẹ ní lọ́kàn ni pé kí ọmọ dá a kọ, kí ó fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ nìkan tún ìtàn náà kọ. Ọmọ mẹ́rin kà á sí dà á kọ, pé kí wọ́n wo ìtàn náà kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe wà gan-an.

Ẹ wo bí èdè wa ṣe ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá gba ohùn òkè, bíi dá, arọ́pò-orúkọ tí ó tẹ̀ lé e a wà ní ohùn àárín. Nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá gba ohùn ìsàlẹ̀, bíi dà, arọ́pò-orúkọ náà a gòkè. Ohùn méjì ni ó yàtọ̀ láàrin ‘dá a’ àti ‘dà á’, etí kò sì lè ṣì wọ́n gbọ́ láé. Ṣùgbọ́n bí a bá bọ́ àmì kúrò lára wọn, lẹ́tà kan kò yàtọ̀ sí èkejì, àṣẹ méjì tí ó ta ko ara wọn a sì di ọ̀kan lójú ìwé. Ọmọ tí wọ́n ń fi Yorùbá jí láràárọ̀ ní Òṣogbo lè fi òye mọ ohun tí olùbéèrè ń fẹ́. Ọmọ tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní iléèwé, tí ó ń bá àwọn ojúgbà rẹ̀ sọ Haúsá ní àdúgbò, tí ó jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé nìkan ni ojú rẹ̀ ń kan Yorùbá nínú ìwé, àmì ohùn ni ọ̀pá tí ó fi ń tọ̀nà. Ẹ gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣìnà, ẹ sì pè é ní olè.

Mo fara balẹ̀ ka ìwé àwọn mẹ́rin yìí. Wọn kò fo ìlà kankan. Ìkọ̀wé wọn mọ́, ó tò. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá, tilẹ̀ fi àmì ohùn sí orí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìtàn yín bí ó ṣe ń kọ ọ́ lọ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àmì náà ni ó sì tọ̀nà. Ọmọ yẹn ṣe ohun tí ìwé ìbéèrè pa láṣẹ, ó sì tún fi iṣẹ́ tí ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ti ṣe kún un. Òdo ni ẹ fún un.

2. Ọ̀rọ̀ náà, àdàkọ, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ṣẹ̀. Lójú ìwé kìn-ín-ní fọ́ọ̀mù tí àwọn òbí kún fún ìdíje yìí kan náà, ẹ ní kí a fi ‘adako iwe-eri ojo ibi’ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí i. Gbogbo wa lọ ṣe é, a sì mú un wá. Lójú ìwé kejì fọ́ọ̀mù náà, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ti di ìwà olè. Kò lè jẹ́ méjèèjì. Àdàkọ ni kí a wo ohun tí ó wà nílẹ̀ kí a sì kọ òmíràn tí ó bá a mu. Ohun tí a sì kọ jáde náà ni ẹ̀dà. Ohun tí ó lè sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí ó dà á kọ wá purọ́ pé òun ni òun dá a, tàbí kí ó dà á kọ níbi tí a ti ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ọmọ ilé-kéwú, yálà ní Ìlọrin ni tàbí ní Suleja tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín. Wàláà ni a gbé lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú gègé àti tàdáwà. Ó da ọ̀rọ̀ Àlùkùránì kọ sára wàláà, ó ń ké e títí tí yóò fi wọ̀ ọ́ lọ́kàn, lẹ́yìn náà ni yóò fọ wàláà nù láti da òmíràn kọ. Bí ó bá fi ẹyọ lẹ́tà kan kún un láti inú ọgbọ́n ara rẹ̀, áfáà yóò bá a wí. Níbẹ̀, ẹni tí kò dà á kọ dáadáa ni ó ṣẹ̀. Bàbá mi kọ́ kéwú báyìí, títí dọ̀la ni ó sì fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wàláà náà.

3. Ọ̀rọ̀ kẹta yìí ni ó dùn mí jù. Ìbéèrè kejì ní kí ọmọ kọ àròkọ nípa ìdílé rẹ̀. Ọmọ méjì, ọ̀kan láti Nyanya, èkejì láti Gwagwalada, bẹ̀rẹ̀ àròkọ wọn pẹ̀lú oríkì Oníkòyí, ìlà mẹ́fà gbáko, ọ̀rọ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ rí ìjọra náà, ẹ sì pinnu pé ọ̀kan jí ti èkejì. Ẹ kò béèrè ibi tí wọ́n jókòó sí. Ìwé ìjókòó yín fi hàn pé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Àwọn òbí wọn kò mọ ara wọn rí títí di ọjọ́ tí mo fi wọ́n mọ ara wọn.

Ọmọ Ìkòyí ni àwọn méjèèjì. Ìyá ìyá ọ̀kan ni ó fi oríkì náà kọ́ ọ nígbà ìsinmi iléèwé, bàbá èkejì a sì máa fi kí i bí ó bá ti jí láàárọ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí kì í gba ọfà lẹ́yìn ni a ń fi kí ọmọ Ìkòyí níbikíbi tí ó bá wà láyé. Kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọ méjèèjì fi kí baba ńlá wọn tí yóò yàtọ̀? Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá jọra ni ó yẹ kí a fura. Ìjọra ni orúkọ èyí, nítorí orísun kan ni ó so wọ́n pọ̀, bí a ti ń sọ pé ẹni bíni là á jọ. Ìjọra kò sọ ẹnikẹ́ni di olè.

Mo fẹ́ fi kún un pé àwọn tí ó ni èdè yìí mọ bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ tí a bá nílẹ̀ láìjí i. Oníjàálá kì í bẹ̀rẹ̀ láìjúbà. Ó ń dárúkọ ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn tí ó kọ́ ọ̀gá rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè mọ ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá. Ọmọdé tí ó pa òwe níwájú àgbà a ní tótó ó ṣe bí òwe, nítorí ó mọ̀ pé àgbà ni ó ni ín. ‘Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní’ tí a fi ń ṣáájú òwe ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọmọ tí ó wá láti Nyanya kọ ọ́ kí oríkì náà tó bẹ̀rẹ̀ pé, ‘Bí ìyá àgbà mi ṣe máa ń kì mí nìyí.’ Ó ti júbà fún ẹni tí ó kọ́ ọ. Bírò pupa yín kọjá lórí ìlà yẹn láìdúró. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ náà bi mí bóyá olè ni ìyá àgbà òun.

4. Ọmọ márùn-ún nínú kíláàsì mi ni ẹ fagi lé ìwé wọn nítorí pé gbólóhùn kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ, tí wọ́n sì tò ó bákan náà: ilé, òbí, iṣẹ́ òbí, oúnjẹ, àdúrà. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀bi bá wà níbẹ̀, orí mi ni kí ẹ gbé e kà. Mo kọ àpẹẹrẹ sójú pátákó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tẹ̀léra, mo sì ní kí wọ́n máa wò ó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbólóhùn àkọ́kọ́, kò sí ìlà tí ó tún jọra nínú ìwé wọn. Bàbá ọ̀kan ń wa kẹ̀kẹ́ ní Lugbe, ìyá ọ̀kan ń ta aṣọ ní ọjà Wuse, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí.

Orúkọ èyí ni àwòkọ́ṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: wò, kọ́, ṣe. Ènìyàn wo ohun tí ó dára, ó kọ́ ọ, ó sì wá ṣe tirẹ̀. Kọ́ tí ó wà láàrin yìí ni ó yà á sọ́tọ̀ pátápátá sí àwòkọ, níbi tí ojú kàn ń wò tí ọwọ́ sì ń kọ. (Ẹ tún rí i pé bí a bá yọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò lára àwòkọ, ẹyẹ àwòko, olórin inú igbó, ni ó kù sójú ìwé.) Gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tí Yorùbá ní, àwòkọ́ṣe ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọmọ tí ń kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ a kọ́kọ́ máa ya àpẹẹrẹ tí ìyá rẹ̀ ń yà, bíi Ìbàdándùn tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí, kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè dá ti ara rẹ̀ yà. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré; ẹnikẹ́ni kò wí pé ẹṣin ẹ̀yìn jí eré.

Ẹ má sì ṣe da àwòkọ́ṣe pọ̀ mọ́ àfarawé. Àfarawé ni kí ènìyàn fi ara rẹ̀ wé ẹlòmíràn nínú ìwà àti ìṣe. Nínú Bíbélì Yorùbá, Pọ́ọ̀lù ní kí àwọn ará Kọ́ríńtì máa ṣe àfarawé òun, gẹ́gẹ́ bí òun náà ti ń ṣe àfarawé Kristi. Àwọn Mùsùlùmí inú wa ń sapá láti máa hùwà bí Ànábì ti hùwà. Ẹ̀sìn méjèèjì tí ó pọ̀ jù láàrin wa ń pa àfarawé láṣẹ, ìwé òfin ìdíje yín sì kà á pọ̀ mọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe, nínú ìlà kan náà tí ó ti dárúkọ àdàkọ.

5. Ọmọkùnrin kan dáhùn ìbéèrè kẹta, èyí tí ó ní kí a kọ ìtàkùrọ̀sọ kan ní ọjà. Ó kọ bí Màlámù tí ń ta sùyà ní ìkóríta wọn ṣe ń sọ Yorùbá, pẹ̀lú gbogbo bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń yí ọ̀rọ̀. Ẹ kọ ‘adako’ síbẹ̀. Ìsínjẹ ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá. Ọmọ náà sín Màlámù jẹ. Iṣẹ́ ìsínjẹ ti pẹ́ nínú àṣà wa: egúngún alárìnjó a máa gbé agọ̀ Tápà àti ti òyìnbó jáde, a máa rìn bí wọn, a máa sọ̀rọ̀ bí wọn, ìlú yóò sì pé jọ wò ó. Àwọn Haúsá tí a jọ ń gbé níhìn-ín ń pe eré orí ìtàgé ní wasan kwaikwayo, eré ìfarawé ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an.

Mo bá ọmọ náà wí ní ìkọ̀kọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi bá a wí ni pé Màlámù náà jẹ́ àgbà, ó sì ṣe wàhálà kọ́ èdè wa débi tí ó fi lè máa fi tajà fún wa, ìsínjẹ tí kò ní ọ̀wọ̀ nínú sì lè dun aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ ìwà ni èyí. Bí ẹ bá fẹ́ yọ máàkì nítorí ìwà, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ọmọ lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó tún ṣe. Ọmọ tí ẹ sọ fún pé ó ṣe àdàkọ kò ní mọ ohun tí ẹ ń bá a wí lé lórí, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó dá gbogbo ọ̀rọ̀ náà kọ.

6. Ó ku ọmọ méjì. Ọ̀kan gbé fóònù wọlé, ó sì wo ìdáhùn lórí rẹ̀. Èkejì na ọrùn wo ìwé ẹni tí ó jókòó tì í, ó sì kọ àṣìṣe onítọ̀hún mọ́ ọn. Ìjíwèéwò nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì wà ní kíláàsì mi, èmi kò sì bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo fi ìwé rẹ̀ hàn án ni ó jẹ́wọ́.

7. Ẹ ní àwọn ọmọ náà rú òfin orílẹ̀-èdè. Òfin tí ó wà nílẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ (copyright) ti ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, tí àjọ tí ń bójú tó o sì wà nínú ìlú Àbújá yìí, kò fi èrò lásán tàbí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe nǹkan ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn ṣe gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ ni ó ń dáàbò bò. Nítorí náà, títo àròkọ bí olùkọ́ ṣe tò ó kò lòdì sí i. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún lílo iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ́nà tí ó tọ́ fún ẹ̀kọ́ àti ìwádìí ara ẹni, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìsínjẹ àti ẹ̀fẹ̀ pàápàá. Òfin lórí màgòmágó ìdánwò ti ọdún 1999, ẹ̀wẹ̀, ya ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀: rírẹ́ni jẹ nínú ìdánwò wà lọ́tọ̀, jíjí ìwé ìbéèrè wà lọ́tọ̀, ṣíṣe ìdánwò lórúkọ ẹlòmíràn wà lọ́tọ̀, ṣíṣe ayédèrú ìwé èsì náà wà lọ́tọ̀. Àwọn tí ó kọ òfin orílẹ̀-èdè rí i pé ó yẹ kí a fi orúkọ tirẹ̀ pe ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí a tó fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò yẹ kí ó rí ohun tí ó kéré sí èyí gbà lọ́wọ́ wa.

8. Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ẹ yọ ìwé orúkọ náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn lónìí, kí ẹ sì pa á rẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ dá máàkì ọmọ méjì tí ó lo oríkì àti ti ọmọ márùn-ún tí ó tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ mi padà. Ẹ ka ìwé ọmọ tí ó sín Màlámù jẹ lákọ̀tun, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí sí i sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mẹ́rin tí ó dà á kọ tún ìbéèrè kìn-ín-ní ṣe, lórí ìwé tí ó ní àmì ohùn. Bí ìgbìmọ̀ kò bá ní ẹni tí yóò fi àmì sí i, èmi àti olùkọ́ méjì mìíràn ti ṣetán láti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ní alẹ́ ọjọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá pè wá. Kí ẹ tó tẹ ìwé òfin ọdún tí ń bọ̀, ẹ ya àdàkọ, ìjíwèéwò, àwòkọ́ṣe, àfarawé, ìsínjẹ àti ayédèrú sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sọ èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti èyí tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé náà han àwọn olùkọ́ ọjọ́ Sátidé kí ó tó jáde. Ní ìparí, ẹ kọ lẹ́tà sí òbí àwọn ọmọ 12 tí ẹ pè ní olè. Lẹ́tà tí ọmọ lè kà fúnra rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn.

A ó tún pàdé ní kíláàsì ní Sátidé tí ń bọ̀, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọmọ Nyanya tí ó béèrè ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́ mi ti ní òun yóò wá sí Kubwa lọ́jọ́ náà kí òun lè gbọ́ ohun tí ẹ bá sọ. Mo ń dúró de èsì yín kí ọjọ́ náà tó pé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ Yorùbá ọjọ́ Sátidé kan ní Kubwa, Àbújá